Ìwé Ọkọ̀ Kì Í Ṣe Tírà

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ní ìtumọ̀ méjì, tí ìtumọ̀ méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ta ko ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà ni tírà. Ní ẹnu àwọn Mùsùlùmí wa, tírà ni ìwé: ìwé tí a ń ṣí, tí a ń kà, tí ọmọ ilé-kéwú ń jókòó tì títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tírà náà tún ni ìwé kékeré tí a kọ, tí a ká, tí a fi awọ rán pa, tí a sì so mọ́ ọrùn tàbí apá. Èyí àkọ́kọ́ wúlò nítorí pé a ń kà á. Èyí kejì wúlò lójú ẹni tó ni ín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣí i wò. N kò sọ èyí láti fi ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́; èdè ni iṣẹ́ mi, ohun tí èdè fi hàn mí ni mo ń sọ. Mo mú ọ̀rọ̀ náà ṣíwájú nítorí pé n kò rí òmíràn tó lè ṣàlàyé ohun tí àwa onímọ́tò ilẹ̀ yìí sọ ìwé ọkọ̀ dà. A ti sọ ọ́ di tírà inú awọ. A fi sínú ọkọ̀, a kò kà á, a sì gbà pé yóò gbà wá lọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ. Ẹlẹ́rìí ni ìwé ọkọ̀ àti ìwé awakọ̀. Wọn kì í ṣe oògùn. Iṣẹ́ ẹlẹ́rìí ni kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó ṣojú wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, tàbí nígbà tí wọn kò bá fẹ́ sọ òtítọ́. Àwùjọ tí ó bá pa ẹlẹ́rìí rẹ̀ lẹ́nu mọ́ yóò máa sin òkú ojú pópó láìmọ ẹni tó pa á. Àwa ni àwùjọ náà, n kò sì gbà pé ohun tí a ń ṣe yìí bá àṣà Yorùbá mu rárá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú àpò ìwé ọkọ̀ wò, kí a bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ohun tó wá jẹ́rìí sí. Ìwé ẹ̀rí ìní ń sọ ẹni tó ni ọkọ̀. Lísẹ́ńsì ọdọọdún ń sọ pé ìjọba ṣì mọ ọkọ̀ náà. Ìwé àyẹ̀wò ń sọ pé ẹnì kan tó mọṣẹ́ ti tẹ bíréèkì rẹ̀, ó ti wo táyà rẹ̀, ó ti tan iná rẹ̀. Ìwé ìdójútòfò ń sọ pé bí ọkọ̀ yìí bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú rẹ̀ wà. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, kì í ṣe nípa irin: ó ní ẹni tó mú mi lọ́wọ́ yìí ti kọ́ṣẹ́, wọ́n ti dán an wò, ojú rẹ̀ ríran. Ẹ̀rí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, gbogbo wọn ló sì kan ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé létí títì.

Ṣùgbọ́n nígbà wo ni a ń mú wọn jáde? Nígbà tí ọlọ́pàá bá na ọwọ́ ni. Onímọ́tò kì í bèèrè pé, "Kí ni ìwé yìí sọ?" Ohun tó ń bèèrè ni pé, "Ṣé ó pé?" Ìwé pé, bíréèkì kò mú. Ìwé pé, ọkọ̀ kò sì dé iwájú ẹni tó yẹ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò rí. Ẹnì kan ló gbé owó lọ, tó gbé ìwé bọ̀. Ìwé ìdójútòfò pé, ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé kò sì gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà rí. Ọlọ́pàá pàápàá kò kà á. Ó ń kà á bí ẹni ń ka owó: ó wo iye rẹ̀, ó dá a padà. Bí ìwé kan bá dín, ó mọ iye tí òun yóò gbà dípò rẹ̀. Ẹni tó ń fún ni àti ẹni tó ń gbà ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé tírà ni.

Bákan náà ni ti ìwé ìrìn ọkọ̀, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè ní lọ́ọ̀gùbúùkù. Ìwé yìí ni ó yẹ kí awakọ̀ ilé-iṣẹ́ máa kọ ọjọ́ sí, àti wákàtí tó jáde, ibi tó lọ, iye kìlómítà tó wà lójú díádì nígbà tó jáde àti nígbà tó wọlé, epo tó rà, àti orúkọ ọ̀gá tó rán an. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí tí ọgbọ̀n ọjọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ìkọ̀wé kan, bírò kan, ìjókòó kan. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù ni olùṣirò owó bèèrè rẹ̀, ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni awakọ̀ kọ ọ́ tán, títí kan ìrìn ọjọ́ méjì tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Gbogbo wa mọ̀ pé àlọ́ ni, ṣùgbọ́n àlọ́ tí a kọ sínú ìwé tó ní ìlà tóótó. Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá kọ lu ènìyàn ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú nígbà tí ìwé sọ pé ó wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, èwo nínú àwọn méjèèjì ni a ó gbàgbọ́?

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ló burú jù. Wọlé Ṣóyínká ti rí i tipẹ́. Nínú eré rẹ̀, The Road, tí ó jáde ní 1965, ẹ̀dá ìtàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Professor, tí ó máa ń ṣe ayédèrú ìwé àṣẹ fún àwọn awakọ̀. Ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀, Salubi, tí ó ti ní aṣọ iṣẹ́ awakọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó kọ eré yẹn kò fi mọ sórí ìtàgé. Ní 1977, nígbà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó wà nídìí dídá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ yẹn ní ìlànà àmì ìjìyà: ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àmì tirẹ̀, àmì yìí yóò sì máa pọ̀ lórí awakọ̀ títí wọn yóò fi kìlọ̀ fún un, tàbí tí wọn yóò gba ìwé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tàbí tí wọn yóò gbà á pátápátá. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n àmì kò lè pọ̀ lórí ẹni tí kò dúró lójú kan. Awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ bá ti dọ̀tí yóò ní ó sọnù, yóò sì fi owó gba òmíràn tó mọ́ tónítóní, nígbà mìíràn ní ìpínlẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú orúkọ tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn.

Àwọn baba wa mọ irú ẹ̀dá yìí. Wọ́n ń pè é ní àbíkú. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ kan náà ń kú, ó ń padà wá bí ẹni tuntun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì sí i lára, kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún dé. Ìyá ọmọ náà lè sunkún, ṣùgbọ́n àmì yẹn ni àkọsílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé baba tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ kí a tọ́jú ìtàn ẹni. Awakọ̀ tó ń sọ ìwé nù, tó ń gba òmíràn, àbíkú ojú pópó ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń kú.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ní àṣà àfẹnusọ ni àṣà wa, pé òyìnbó ló kó ìwé wá, pé kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ìwé kò bá wa lára mu. Ọ̀rọ̀ yìí dùn gbọ́, ó sì rọrùn fún ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Àfẹnusọ kò túmọ̀ sí àìtọ́jú. Àwọn arọ́kin wà láàfin Ọ̀yọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí ìtàn ọba má bàjẹ́. Àrokò ń lọ láti ìlú dé ìlú, ẹni tó gbé e kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan kún un tàbí kí ó yọ ọ̀kan kúrò. Ẹni tó bá yá owó tí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà ní onígbọ̀wọ́ àti ẹlẹ́rìí. A kì í fi ilẹ̀ fúnni ní kọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò mẹ́nu ba alájọ Ṣómólú, ẹni tí a fi ń ṣe àpèjúwe orí pípé, tí wọ́n ní ó ń gba àjọ lọ́wọ́ ọgọ́ọ̀rọ̀ ènìyàn láìkọ orúkọ sílẹ̀, tó sì ń san owó ẹnì kọ̀ọ̀kan láìṣì. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ fi di òwe? Nítorí pé ẹni bíi tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n ni. Gbogbo alájọ tó kù ló ń mú káàdì dání. Ẹ sì wo ìyá oníṣòwò tí kò mọ ìwé kà: ẹ wo bí ó ṣe ń tọ́jú káàdì àjọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, sínú àpò, sábẹ́ ìró, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dé òpin. Bí alájọ bá gbàgbé láti fa ìlà kan, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní yunifásítì. Ó ń tọ́jú rẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ dájú pé káàdì yẹn yóò bá òun sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ ìsanwó. Nítorí náà kì í ṣe pé Yorùbá kò lè tọ́jú ìwé. Ìwé tí a kò gbà gbọ́ pé ó lè jẹ́rìí ni a kì í tọ́jú. Ohun kan sì tún wà: gbogbo oníbàárà alájọ Ṣómólú ló wà láàyè láti bèèrè owó wọn. Ẹni tí ọkọ̀ pa kò lè wá bèèrè nǹkan kan.

Ìdáhùn kejì tí mo máa ń gbọ́ ni pé àwọn òyìnbó ni wọ́n mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ í ṣe. Ìlú Ọba ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, ẹ jẹ́ kí a lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Òfin ọdún 1903 ni ó pa á láṣẹ fún wọn pé kí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1904. Òfin mìíràn ní 1920 ló mú lọ́ọ̀gùbúùkù wá, ìwé tí orúkọ gbogbo ẹni tí ọkọ̀ ti kọjá lọ́wọ́ wọn máa ń wà nínú rẹ̀. Ṣé wọn kò ní olè ni? Wọ́n ní. Òfìfo ìwé yìí tó pọ̀ jọjọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn débi pé wọ́n ní láti yí àwọ̀ rẹ̀ láti búlúù sí pupa ní 2010. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sì ń kìlọ̀ pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú òun ni ẹni tó ń tọ́jú ọkọ̀, pé kò fi dandan jẹ́ ẹni tó ni ín. Ẹ kò rí i pé ìyàtọ̀ wa kò sí nínú ẹ̀jẹ̀? Nígbà tí jìbìtì wọlé síbẹ̀, wọ́n wá a kàn, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Àwa máa ń bú u, lẹ́yìn náà a ó bèèrè iye tó ń tà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó wo àwọn ọmọ wa tó ń gbé Peckham. Ọmọ Yorùbá kan náà tó bá ta ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yóò fi tó àwọn aláṣẹ létí kíákíá, nítorí ó mọ̀ pé bí ẹni tó rà á bá sáré àsápajúdé, ilé òun ni ìwé ìtanràn yóò wọlé sí. Ẹ jẹ́ kí ó dé Èkó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yóò ta ọkọ̀ mìíràn, yóò ju kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tó rà á, ó di gbéré. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yí padà lójú òfurufú. Ibi tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ti kúrò, ó sì dé ibi tí a ti dì í lẹ́nu.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Nígbà tí ọkọ̀ náà wà ní ìlú tí ó ti wá, ó ní ìtàn: iye ẹni tó ti ni ín, iye ìgbà tó ti gba àyẹ̀wò, iye máìlì tó ti rìn. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò ní èbúté, yálà ní Kútọnu tàbí ní Àpápá, a ti wẹ ìtàn náà nù. A yí máìlì rẹ̀ padà sẹ́yìn, a kun ún, a sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Ọkọ̀ tó ti di arúgbó wá wọ ìlú bí ọmọge. Láti ìgbà yẹn, yóò máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ni yóò sì wà lórí ìwé rẹ̀ títí yóò fi kú sí ìsọ̀ mẹkáníìkì.

Àbúrò mi kan ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó rà á ṣèlérí pé òun yóò yí orúkọ padà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn àbúrò mi lóru: ọkọ̀ náà gbá ọlọ́kadà kan, ó sì sá lọ, orúkọ tirẹ̀ ló ṣì wà lórí ìwé. Ọjọ́ méjì ló lò ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó yọ ọ́ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ wa, kì í sì í ṣe àwọn èèyàn ńlá tí a mọ̀. Abala ìwé kan ni, tí òun àti ẹni tó rà á fọwọ́ sí ní ọjọ́ tí wọ́n ná an, tí ẹlẹ́rìí méjì sì kọ orúkọ wọn sí. Ó ti tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ. Abala ìwé yẹn ni ẹlẹ́rìí, ó sì sọ̀rọ̀ nígbà tí a nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ọlọ́kadà náà. Àbúrò mi bọ́; ìdílé ọlọ́kadà kò rí ẹni pè lẹ́jọ́.

N kò ní dá ìjọba sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo ohun tí ojú olóòótọ́ ń rí bí ìwé ọkọ̀ rẹ̀ bá sọnù lóòótọ́, bóyá omi wọlé tàbí olè gbé báàgì. Yóò lọ sọ fún ọlọ́pàá, yóò gba ìwé níbẹ̀. Yóò lọ sí ilé-ẹjọ́, yóò búra. Yóò wá kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn onílísẹ́ńsì, níbi tí wọ́n yóò ti ní kí ó padà wá lọ́la. Ẹni tó ń ṣe jìbìtì kò rìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan náà ni àwọn alágbàṣe ti ń dúró dè é. Bí òfin bá nira fún olóòótọ́ tí ó sì rọrùn fún ọ̀bàyéjẹ́, kì í ṣe ìwé ni òfin náà ń tọ́jú, owó ló ń wá.

Ìbúra tí mo mẹ́nu bà yẹn pàápàá yẹ fún àròjinlẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́ wa, onígbàgbọ́ a máa fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí a máa fi Kùránì búra, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a sì máa fi irin búra lórúkọ Ògún. Ṣùgbọ́n ìbúra ìwé tó sọnù ti di ìwé tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tí yóò búra tó dé. Orúkọ nìkan ló kù tí a ó kọ sí i. Ènìyàn yóò fọwọ́ sí i bí ẹni ń fọwọ́ sí ìwé ìgbowó, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Mo máa ń bi ara mi pé ká ní a gbé irin kalẹ̀ níwájú awakọ̀ wọ̀nyí, kí a ní kí wọ́n fi ahọ́n kàn án, kí wọ́n sọ pé lóòótọ́ ni ìwé àwọn sọnù, mélòó nínú wọn ni yóò gbà? Irin ni ọkọ̀. Ògún tí wọ́n ń bẹ̀ kí ó má mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ni wọ́n ń purọ́ mọ́.

Kí ni kí a ṣe? Ohun tí mo ń sọ kò ṣòro. Kí ìwé tí a ń mú rìn jẹ́ òjìji, kí ojúlówó rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì tí kò ní jóná, tí ó sì ń bá àwọn ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ yòókù sọ̀rọ̀. Bí òjìji bá sọnù, kí wọ́n fún olúwarẹ̀ ní òmíràn láàárín ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n kí gbogbo ìtàn àtijọ́ bá a wá, ẹ̀ṣẹ̀ àti òdodo. Kí títa ọkọ̀ má ṣe parí títí orúkọ yóò fi yí padà, bí ìgbéyàwó kì í ti í parí láìsí ẹbí níbẹ̀. Kí awakọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ ìrìn rẹ̀ nígbà tó bá rìn ín, kí ọ̀gá tó bá fọwọ́ sí irọ́ pín nínú ìyà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti wà tó lè ṣe èyí, àwọn ọ́fíìsì wa sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, irọ́ náà ni yóò kọ́ jáde.

Ẹni tó bá ní a kò lè yí padà, kí ó rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ yìí kúrò ní ọwọ́ òsì títì, wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, a kò sì padà síbẹ̀ mọ́. A lè ṣe ohun tí a bá gbà pé ẹ̀mí wa wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n báwo ni ará yòókù yóò ṣe gbọ́n bí kò bá sí ẹni tó kọ ibi tí kòtò wà sílẹ̀, àti ẹni tó jìn sí i, àti ẹni tó ń wa ọkọ̀?

Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin òǹkàwé kéré. Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ mú ìwé rẹ̀ jáde lónìí nígbà tí ọlọ́pàá kò bèèrè rẹ̀. Ẹ kà á. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi nọ́ńbà inú ìwé wé èyí tó wà lára irin. Ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀ bóyá tiyín ni. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn yẹ bíréèkì yín wò, kí ẹ sì bi ara yín bóyá ẹ rántí ọjọ́ náà. Bí ìdáhùn bá tì yín lójú, ẹ kò ní ìwé ọkọ̀; tírà ni ẹ ń gbé kiri.